Òṣìṣẹ́ Tó Ń Fẹ̀yìn Rìn Nínú Eyín Wa

Nílé tiwa, ọjọ́ tí eyín bá yọ lẹ́nu ọmọ là ń kà sí ọjọ́ tí eyín dé. Láti bí oṣù karùn-ún ni ìyá á ti máa fi ìka tọ èrìgì ọmọ wò. Bí ara ọmọ bá gbóná, tàbí tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Eyín ló fẹ́ hù," wọn ò sì ní wádìí mọ́. Ìgbàgbọ́ yìí ló sọ oògùn eyín híhù di ọjà: èyí tí wọ́n ń fi pa èrìgì wà, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ mu wà. Ó ti ṣọṣẹ́ rí. Láàárín ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín híhù kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tí kẹ́míkà olóró wà nínú rẹ̀, pa ọmọ 84.

Eyín tí à ń retí ní oṣù kẹfà yẹn ti wà nílé tipẹ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí oyún bá dúró, tí ikùn ìyá kò tíì sọ ohunkóhun fún ará àdúgbò, ibi tí eyín yóò ti hù ti bẹ̀rẹ̀ sí í nípọn lẹ́nu ọlẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di bí oṣù kẹrin, ohun líle àkọ́kọ́ ti ń dì nínú àwọn eyín iwájú. Kí wọ́n tó bí ọmọ náà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí gbogbo ogún eyín ọmọdé. Ní àkókò ìbí gan-an ni ti eyín ńlá ẹ̀yìn ẹnu àkọ́kọ́, èyí tí yóò bá a dọjọ́ ogbó, náà ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí eyín bá yọ síta, ó kàn ń jáde ni.

Ta ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn? Bí a bá la eyín sí méjì, funfun líle tó bo orí rẹ̀ lóde ni enamel. Ẹran rírọ̀ tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ tí iṣan ìmọ̀lára sì kún inú rẹ̀, òun ló ń fi oorun du ènìyàn lóru. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló pọ̀ jù nínú eyín. Ó pọ́n rúsúrúsú díẹ̀, kò le tó enamel, kò sì tètè ń fọ́ bíi tirẹ̀. Dentin nìyẹn. Bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kálísíọ́mù àti fọ́sífétì tó ti dì, ìdá 20 jẹ́ purotéènì, omi ló gba ìyókù. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dentin ni wọ́n ń pè ní odontoblast. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ inú ara, mi ò mọ èyí tó ń yí ara padà tó o kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mi ò sì mọ èyí tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ há ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnu kọ́ ló ti wá. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí ọlẹ̀ kò ju mílímítà mélòó kan lọ, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ká wọnú láti di ihò gígùn tí ọpọlọ àti iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn yóò ti jáde. Létí ibi tí awọ náà ti pàdé, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á já ara wọn gbà, wọ́n á sì máa rìn lọ síwájú orí. Neural crest ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn kan nínú wọn á di egungun ojú, àwọn kan á di iṣan ìmọ̀lára, àwọn kan á di sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ wa ní dúdú rẹ̀. Àwọn kan á dé àgbọ̀n, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni baba ńlá odontoblast. Ẹbí kan náà, nígbà náà, ni sẹ́ẹ̀lì tó mú wa dúdú àti èyí tó mọ eyín wa.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ sọ èyí, ojú rẹ̀ sì rí màbo. Julia Platt lorúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1893, ó kéde pé nínú Necturus, ẹranko omi kan tó ní ìrù àti ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìpele awọ òde ni sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe kèrékèré orí àti èyí tó ń ṣe dentin ti ń jáde. Lákòókò yẹn, òfin ni láàárín àwọn onímọ̀ pé ìpele àárín ara ọlẹ̀ nìkan ló lè bí egungun àti ìbátan egungun. Platt kò ní ẹ̀rọ tó lè fi sàmì sára sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó fi ń tọpa wọn ni hóró pupa ẹyin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé hóró inú àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ òde kéré ju ti ìyókù lọ. Bó ṣe ń bá wọn bọ̀ láti ẹ̀yìn orí dé ẹnu nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ta kò ó. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Freiburg ní Jámánì lọ́dún 1898, síbẹ̀ kò rí iṣẹ́ yunifásítì gbà. Ó bá kó lọ sí Pacific Grove ní California, ó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ìlú, ó sì di méyọ̀ ibẹ̀ ní 1931, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Lọ́dún 2000, àwọn onímọ̀ fi jíìnì sàmì sára sẹ́ẹ̀lì neural crest nínú eku, àmì náà sì yọ gedegbe lára odontoblast. Ohun tí Platt ti sọ ní ọdún 107 ṣáájú ni. Tí a bá ń ka àwọn tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jẹ ní gbèsè, ó yẹ kí orúkọ obìnrin yìí wà lókè.

Àwọn àgbà wa ní adìyẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó tún ń ráhùn pé òun kò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé irin ló ń gbé mì? Àwọn onímọ̀ náà ti bi adìyẹ léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1980, Kollar àti Fisher mú awọ ẹnu ọlẹ̀ adìyẹ, wọ́n so ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ eyín ọlẹ̀ eku, wọ́n sì ròyìn pé eyín hù. Àwọn kan jiyàn pé ó ṣeé ṣe kí awọ eku díẹ̀ ti yọ́ wọnú iṣẹ́ náà. Ní 2003, Mitsiadis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gbé ibi tí neural crest eku ti ń jáde sínú ọlẹ̀ adìyẹ. Sẹ́ẹ̀lì eku rìn títí ó fi dé ẹnu adìyẹ, eyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ níbẹ̀. Awọ ẹnu adìyẹ, a jẹ́ pé ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń pe eyín. Ẹni tó yẹ kó dáhùn ni kò sí nílé mọ́.

Ìpè àti ìdáhùn yìí náà ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì lásán di odontoblast. Nígbà tí àwọn àjèjì tó ti ẹ̀yìn orí wá yẹn bá kọ́kọ́ dé àgbọ̀n, kò sí ohun tó fi wọ́n hàn yàtọ̀. Kékeré ni wọ́n, wọn ò tò sí ìlà kankan, kókó inú wọn wà láàárín, wọ́n sì ń pín sí méjì-méjì. Awọ ẹnu á rì wọnú àgbọ̀n, á bò wọ́n láti òkè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrísí eyín tó ń bọ̀, yálà onígun kan tàbí olórí púpọ̀, á ti hàn lára ìbòrí náà. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò ní sẹ́ẹ̀lì nínú ló pààlà láàárín awọ àti àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìhà ọ̀hún ààlà yẹn ni awọ ti ń fi purotéènì ránṣẹ́: àwọn ẹbí TGF-beta, BMP, Wnt àti Shh wà nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà létí ààlà ló ń gbọ́ dáadáa. Jean-Victor Ruch ní Strasbourg àti Irma Thesleff ní Helsinki lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan tó sì dá gbogbo ènìyàn lójú ni pé bí wọ́n bá ká awọ yẹn kúrò, tí wọn kò fi nǹkan kan dípò ìpè rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀ kì í di odontoblast.

Kí sẹ́ẹ̀lì etí ààlà tó dáhùn, yóò pín lẹ́ẹ̀kan sí i, ìpín ìkẹyìn láyé rẹ̀. Kì í pín sí ọ̀tún àti òsì. Ó ń pín sí iwájú àti ẹ̀yìn, tí ọ̀kan nínú ọmọ méjèèjì á fi wà létí ààlà, tí èkejì á bọ́ sẹ́yìn. Èyí tó wà létí ààlà ló ń di odontoblast, kò sì tún ní pín mọ́ títí tí yóò fi kú. Èyí tó bọ́ sẹ́yìn á wà nítòsí rẹ̀ nínú ìpele tí wọ́n ń pè ní ìpele Höhl, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé adèlé ni, tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ìgbà yìí ni ìrísí rẹ̀ yí padà pátápátá. Ó na gùn, ó di òpó tóóró tó lè ga tó 50 maikirómítà. Ẹgbẹ̀rún maikirómítà ló wà nínú mílímítà kan. Kókó inú rẹ̀ kúrò láàárín, ó sún lọ sí ìdí, jìnnà sí ààlà. Àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣe purotéènì, tí wọn kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, wú títí wọ́n fi kún gbogbo iwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ so mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tò sí ìlà kan ṣoṣo láìsí àlàfo. Orí ṣóńṣó eyín ni ìyípadà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí. Nínú eyín kan náà tó ń dàgbà, àgbà wà lókè, ọ̀dọ́ wà nísàlẹ̀, wọ́n jọ wà lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ẹnu àwọn ẹran tó ń fi eyín iwájú họ nǹkan. Ẹni tó bá ti jẹ orí ọ̀yà rí á mọ eyín iwájú rẹ̀: ó gùn, ó tẹ̀, iwájú rẹ̀ pọ́n, ó sì wọ inú àgbọ̀n lọ jìnnà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Fà á yọ, kí o wo ìdí rẹ̀. Ihò ló wà níbẹ̀, kò pa dé, nítorí pé eyín náà kò dáwọ́ híhù dúró. Ọ̀yà ń jẹ ẹ́ gẹ́rẹ́ níwájú, òṣìṣẹ́ ń fi kún un lẹ́yìn. Iwájú nìkan ni enamel bò. Dentin tó wà lẹ́yìn tètè ń jẹ, ìdí nìyẹn tí ẹnu eyín náà fi ń mú nígbà gbogbo. Eku inú yàrá ìwádìí ní irú eyín kan náà. Bí onímọ̀ bá gé e pẹlẹbẹ lóòró, tó kun ún láwọ̀, tó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù, yóò rí gbogbo ìgbésí ayé odontoblast nínú ìlà kan: ní ìdí, sẹ́ẹ̀lì kékeré tí kò tíì yan iṣẹ́; ní iwájú díẹ̀, àwọn tó ń na gùn; níwájú sí i, àwọn òpó tó ti ń ṣiṣẹ́, tí dentin wọn ń nípọn sí i; ní ìparí, àwọn àgbà tó ti ń rọ. Láti ibi ìdí yìí náà ni iṣẹ́ kan tó jáde ní 2014 ti fi hàn pé díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di odontoblast nínú eku ti kọ́kọ́ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń wé mọ́ iṣan ìmọ̀lára. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí neural crest náà ni gbogbo wọn.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí odontoblast ọ̀dọ́ ń ṣe kò mọ́ tó èyí tí yóò ṣe níkẹyìn. Ó ń tu okùn purotéènì tí wọ́n ń pè ní collagen jáde, nínípọn-nínípọn, wọ́n á sì dojú kọ ààlà. Ó tún ń tu àpò kéékèèké jáde láti ara rẹ̀. Inú àpò wọ̀nyí ni kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ti kọ́kọ́ ń dì, tí àpò á bẹ́, tí ohun líle náà á sì tàn ká. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ eyín. Gbàrà tó bá ti le díẹ̀ ni awọ tó ń pè láti ọjọ́ yìí wá náà á gba ìpè padà: àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á yí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í to enamel lé e lórí. Dentin ló máa ń ṣíwájú. Àwọn tó ń ṣe enamel á parí iṣẹ́ kí eyín tó yọ, wọ́n á kú, wọ́n á sì bá ọ̀nà wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí enamel tó bá ti ṣí kò fi ní ẹni tó lè tún un kọ́. Odontoblast kì í lọ.

Ìyá tó ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ ilé kì í rìn síwájú. Ibi tó jìnnà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, kí ó má bàa tẹ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odontoblast ń ṣe: ó ń tu ìpele kan sílẹ̀ níwájú, á fà sẹ́yìn díẹ̀, á tún tu òmíràn. Ìyàtọ̀ wà o. Ìyá ní ilẹ̀kùn tó lè gbà jáde. Inú eyín ni odontoblast ń fà sẹ́yìn wọ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kejì ló ya èmi lẹ́nu jù: ó ń fi apá kan lára rẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tó kọ́. Bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, ọwọ́ tóóró kan láti ara rẹ̀ ń gùn sí i, dentin á sì le yí i ká, tí yóò fi di pé ihò kan wà fún ọwọ́ odontoblast kọ̀ọ̀kan. Antonie van Leeuwenhoek ti rí àwọn ihò wọ̀nyí láti 1678, ó sì kọ̀wé nípa wọn sí ẹgbẹ́ onímọ̀ Royal Society ní London. Ní 1856 ni John Tomes ṣàpèjúwe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú wọn.

Nítòsí enamel, ihò bí 15,000 sí 20,000 ló wà nínú mílímítà onígun mẹ́rin kan. Nítòsí ẹran inú eyín, wọ́n lè lé ní 45,000. Iye òṣìṣẹ́ kò pọ̀ sí i. Àyè ló ń dín kù, wọ́n sì ń fún ara wọn mọ́ra bí yàrá ṣe ń kéré. Nígbà tí eyín ń dàgbà, bí maikirómítà mẹ́rin ni wọ́n ń fi kún un lóòjọ́. Mílímítà kan ṣoṣo, nǹkan bí oṣù mẹ́jọ gbáko ni.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ náà yí padà bó ṣe ń dàgbà. Kò tu àpò jáde mọ́. Okùn collagen rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì hun mọ́ra dáadáa. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tu sílẹ̀ kì í le lójú ẹsẹ̀: ìpele rírọ̀ kan máa ń wà láàárín sẹ́ẹ̀lì àti dentin tó ti le, ó lè nípọn tó maikirómítà 10 sí 40, odontoblast kì í sì í jẹ́ kí ó tán. Níbi tí rírọ̀ ti ń di líle ni ó ti ń fi purotéènì mìíràn sí i, èyí tó ń fa kálísíọ́mù mọ́ra gan-an. Jíìnì tó ń darí rẹ̀ ni DSPP. Nínú ìdílé tí jíìnì yìí ti bàjẹ́, eyín ọmọ máa ń jáde ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ó máa ń dán bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, enamel á máa ṣí kúrò lórí rẹ̀, eyín á sì jẹ títí á fi kan èrìgì. Enamel ọ̀hún lè dára. Ìpìlẹ̀ ni kò gbà á dúró. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń fẹ̀sùn irú eyín báyìí kan ìyá ọmọ pé kò fọ ẹnu fún un. Kò sí orín tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì tó lè dá a dúró. Ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín, kí wọ́n lè fi nǹkan bo eyín náà kí ó tó jẹ tán.

Àwọn ẹran kan wà tí odontoblast wọn kì í sinmi. Eyín erin tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀wọ̀ fi gbẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ọba àti ìjòyè, eyín iwájú ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dentin pátápátá. Àwọn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n tò sínú gíláàsì ní àwọn mùsíọ́mù Yúróòpù yẹn, kí ọ̀bẹ oníṣọ̀nà tó kàn wọ́n, odontoblast ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to wọ́n ní ìpele-ìpele.

Ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí gbòǹgbò eyín bá ti pé, tó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí eyín yọ, odontoblast á rọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣíwọ́. Maikirómítà mẹ́rin lóòjọ́ á wá di bí ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ara rẹ̀ á sún kì, àwọn ẹ̀yà tó ń ṣe purotéènì á dín kù, ìdọ̀tí ọjọ́ ogbó á máa kó jọ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kú fúnra wọn, nítorí pé àyè kò gbà wọ́n mọ́. Yàrá inú eyín ń kéré sí i lọ́dọọdún, débi pé ní 1950 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gustafson fi bí dentin ọjọ́ ogbó yìí ṣe pọ̀ tó kún àwọn àmì tí a lè fi mọ ọjọ́ orí òkú tí wọn kò mọ̀. Dókítà eyín tó fẹ́ wá ihò iṣan nínú eyín bàbá ẹni àádọ́rin ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ èyí fún un. Ó lè wá a títí kó má rí i.

Ohun tó lè jí àgbà òṣìṣẹ́ yìí ni ewu. Bí kòkòrò bá ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀, odontoblast tó wà ní ìdí àwọn ihò tóóró inú dentin á gbọ́, á sì tún múṣẹ́ le, á máa to dentin sí ibi tí ewu ti ń bọ̀ nìkan. Bí ewu bá pọ̀ tó fi pa á, ọ̀rọ̀ di ti adèlé: àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹran eyín lè di ẹni tó jọ odontoblast, wọ́n á sì fi nǹkan dí ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ tiwọn kì í dọ́gba. Ihò rẹ̀ lè má tò, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní ihò rárá. Ó ń dí ojú ọgbẹ́ ṣáá. Nígbà tí dókítà eyín bá fi oògùn sí ìsàlẹ̀ ihò eyín kí ó tó dí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹran inú eyín ṣì wà láàyè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ wọ́n létí.

Odontoblast náà tún ń mọ òtútù. Ní 2021, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Katharina Zimmermann ní Erlangen, ní Jámánì, fi hàn pé purotéènì kan tó ń jẹ́ TRPC5 wà lára odontoblast eku àti ti ènìyàn, òun sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí omi tútù kan ni léyín. Eugenol tó wà nínú kànáfùrù máa ń dí TRPC5 lọ́wọ́. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ní ká fi kànáfùrù há ibi tí eyín ti ń dun ni kò gbọ́ orúkọ TRPC5 rí, wọ́n sì mọ ibi tí ọwọ́ ń tó. Kànáfùrù ń pa ẹnu ìrora mọ́ ni o. Kò dí ihò.

Ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ ká mọ̀ nípa dentin ni pé kì í gbàgbé. Egungun ń wó ara rẹ̀, ó ń tún ara rẹ̀ kọ́, jálẹ̀ ọjọ́ ayé. Dentin kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí odontoblast bá tò lónìí, ibẹ̀ ló máa wà. Ọjọ́ ìbí gan-an máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ nínú eyín ọmọdé, nítorí pé iṣẹ́ dàrú díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tetracycline náà ń fi tirẹ̀ sílẹ̀. Oògùn yìí máa ń so mọ́ kálísíọ́mù, bí ọmọ bá sì lò ó lákòókò tí odontoblast rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, yóò bá kálísíọ́mù wọ inú dentin, á dì síbẹ̀. Eyín á yọ ní àwọ̀ ìyeyè, ìmọ́lẹ̀ á sì sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú bí ọdún ṣe ń lọ. Inú ni àwọ̀ náà wà. Ọṣẹ ìfọyín, eérú, iyọ̀, orín, kò sí èyí tó lè dé ibẹ̀.

Káàkiri ọjà wa, kápúsù tetracycline ṣì wà lórí àtẹ, wọ́n ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún inú rírun, ikọ́ àti egbò. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, kí aláboyún má sì lò ó, àyàfi tí dókítà tó mọ ọjọ́ orí ọmọ àti oṣù oyún bá ní kí ẹ lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà oògùn, ẹ béèrè ọdún ọmọ kí ẹ tó na ọwọ́ sí i.